Ìwé Ogún Tó Wà ní Kóòtù: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá A Kàn ní Ọ̀fà



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ń da ọ̀pọ̀ agboolé láàmú ní Ọ̀fà àti ní gbogbo agbègbè wa. Bàbá kú, ẹbí ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gba kóòtù lọ, adájọ́ sì pín ogún. Ogún ọdún kọjá. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan dìde pé òun fẹ́ ta ilé. Ẹlòmíràn ní ilé náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọbìnrin ní àwọn náà ní ìpín níbẹ̀. Kò sì sí ẹnì kankan tó ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè pariwo jù ni ọ̀rọ̀ máa ń tẹ̀ sí lọ́dọ̀, ẹni tí kò lágbára á sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé náà lè wà ní kóòtù tó pín ogún ọ̀hún láti ọjọ́ yìí wá, tí ẹnikẹ́ni kò lọ béèrè rẹ̀. Ọlọ́hun Ọba pàṣẹ nínú Súrátù Bàkárà, áyà 282, pé kí á máa kọ gbèsè tó ní gbèdéke sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bí gbèsè bá tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀, ogún tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ là sílẹ̀ nínú Súrátù Nísáì, áyà 11, 12 àti 176, kò yẹ kó wà lórí ahọ́n nìkan. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà, bí a ṣe ń béèrè rẹ̀, àti bí a ṣe ń kà á.

Kóòtù wo ni ìwé yín wà?

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé kì í ṣe kóòtù kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ogún ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá lọ sí kóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á sì rò pé ìwé ti sọnù.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Area Court. Ní ayé ìjọba Àríwá, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 27 May 1967. Láàrin àkókò náà ni àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá sọ kóòtù ìbílẹ̀ wọn di Area Court. Bí Mùsùlùmí bá kú ní Ọ̀fà, tí àwọn ajogún rẹ̀ sì ní kí kóòtù pín ogún fún àwọn nílànà Ṣàríà, Area Court tàbí Upper Area Court ni ìwé náà yóò wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí.

Èkejì ni Sharia Court of Appeal tó wà ní Ìlọrin. Ẹni tí ìdájọ́ Area Court kò bá tẹ́ lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ogún Mùsùlùmí, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 277, ló fún kóòtù náà lágbára lórí wàkáfù, ẹ̀bùn, wàsíyà àti ogún ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí. Bí ẹjọ́ ẹbí yín bá dé ọ̀hún, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ti kóòtù ìsàlẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ kan náà lè wà ní ibi méjì. Kóòtù yìí tún máa ń tẹ ìwé ìròyìn ọdọọdún jáde tí ó ń kó àwọn ìdájọ́ rẹ̀ sí. A lè rí orúkọ àwọn tó wà nínú ẹjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀hún máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KWS/SCA.

Ẹ̀kẹta ni High Court, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Probate Registry ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ni ẹbí máa ń lọ bí olóògbé bá ní owó ní báńkì, tàbí tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí pé àwọn báńkì sábà máa ń béèrè Letter of Administration kí wọ́n tó san owó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìta Kwara. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ló jẹ́ pé Èkó, Ìbàdàn tàbí òkè òkun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́lé sí. Bí dúkìá bá wà ní Èkó, Probate Registry ti High Court Ìpínlẹ̀ Èkó ni kí ẹ wò, torí pé àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn kò ní Sharia Court of Appeal tiwọn. Ìgbìmọ̀ Ṣàríà tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ fúnra wọn lọ́hùn-ún ń ṣe iṣẹ́ ìlàjà tó dára. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ náà ni ìwé wọn máa ń wà, kì í ṣe kóòtù ìjọba. Bí dúkìá bá sì wà ní England, ìjọba ibẹ̀ ní àkọsílẹ̀ probate tó bẹ̀rẹ̀ láti 1858, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ olóògbé nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ pé ààfáà ló pín ogún náà nílé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù, kò sí ìwé kan tí ẹ ó bá ní kóòtù. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé tí ààfáà kọ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ Lárúbáwá, àti àwọn ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè, ni ẹ ní. Ẹ yára lọ bá wọn kí ọjọ́ tó lọ.

Letter of Administration kì í ṣe ìwé ìpín

A fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ibí yìí, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ opó àti ọmọbìnrin jẹ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí Letter of Administration kò di onídùúkìá. Alábòójútó ni. Kóòtù fún un láṣẹ láti kó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ jọ, kó san gbèsè rẹ̀, kó sì pín ìyókù fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn ni pé ẹ̀gbọ́n àgbà á gba ìwé yìí, á gbowó ní báńkì, á wá gbé ìwé náà sókè níwájú àwọn àbúrò pé kóòtù ti fún òun ní gbogbo rẹ̀. Àwọn àbúrò á rí òǹtẹ̀ High Court, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì dákẹ́.

Kí wọ́n má dákẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ogún lè lọ sí Probate Registry kó béèrè láti rí fáìlì olóògbé. Orúkọ àwọn tó béèrè fún àṣẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ dúkìá tí wọ́n búra lé. Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ náà, ẹ ó mọ iye tí wọ́n sọ pé ó wà ní báńkì, àti ilé tí wọ́n dárúkọ tàbí tí wọn kò dárúkọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ gba àṣẹ yìí ní kọ̀rọ̀, ẹ lè fi ìwé ìdènà tí àwọn lọ́yà ń pè ní caveat síbẹ̀ kí ó tó bọ́ sórí.

Opó tàbí ọmọbìnrin kò nílò àṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kí ó tó béèrè ìwé yìí. Súrátù Nísáì, áyà 7, ti fi hàn pé ọkùnrin ní ìpín, obìnrin náà sì ní ìpín, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Ẹni tó ní ìpín ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé tó kọ ìpín náà sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó gbéra

Akọ̀wé kóòtù kò lè wá ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà ẹjọ́, iṣẹ́ ti tán ní ìdajì. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ wá nǹkan mẹ́ta: orúkọ, ọdún àti kóòtù.

Orúkọ ló máa ń dá ènìyàn dúró jù. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Làmídì lè jẹ́ Abdulhamid nínú ìwé kóòtù. Súlè lè jẹ́ Sulaiman, Búráímọ̀ lè jẹ́ Ibrahim, Lásísì lè jẹ́ Abdulazeez, Sùnmọ́nù lè jẹ́ Usman. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ó jẹ́ sílẹ̀: orúkọ ìsọmọlórúkọ, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ agboolé, àti orúkọ tó ń lò níbi iṣẹ́ tàbí lọ́jà. Ẹ rántí pé orúkọ ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ni wọ́n lè fi pe ẹjọ́ náà, kì í ṣe orúkọ olóògbé. Bó bá jẹ́ àbúrò bàbá ló lọ sí kóòtù, ẹ mú orúkọ tirẹ̀ náà dání.

Ní ti ọdún, àwọn àgbà wa kì í sábà fi nọ́ńbà rántí. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé Murtala ṣì wà láyé? Ó kú ní February 1976. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ kí ìjọba Buhari tó pààrọ̀ àwọ̀ owó ní 1984? Ṣé wọ́n ti dá Federal Polytechnic sílẹ̀ ní Ọ̀fà ní 1992? Ṣé Ọlọ́fà tó wà lórí oyè báyìí ti jọba ní 2010? Bí wọ́n bá rántí pé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi díye lé ilé, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wáyé kí náírà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 January 1973. Bí ẹ bá lè mú un wá sí àárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, akọ̀wé á lè ṣí ìwé àwọn ọdún náà wò.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání bó bá wà. National Population Commission ló ń fúnni ní i. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tiyín, irú bíi káàdì NIN, àti ohunkóhun tó fi hàn pé ọmọ, aya, ọkọ tàbí ọmọ-ọmọ olóògbé ni yín.

Bí ẹ ó ṣe béèrè

Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ogún, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń gbàgbé, lẹ́tà kì í gbàgbé. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n bá yín lu òǹtẹ̀ gbà-á sórí ọ̀kan, kí ẹ sì mú un lọ sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù fi ń kọ ìwé, nítorí náà kí ọmọ tó mọ̀wé bá yín kọ ọ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ rèé:

“Sí Akọ̀wé Kóòtù. Èmi (orúkọ yín), ọmọ olóògbé (orúkọ rẹ̀), ti agboolé (orúkọ agboolé) ní Ọ̀fà, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá mi wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ogún olóògbé náà tí kóòtù yìí pín ní nǹkan bí ọdún (ọdún). Mo fẹ́ ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí, tó kó ìdájọ́, orúkọ àwọn ajogún, àkọsílẹ̀ dúkìá àti ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Mo ṣetán láti san owó tí òfin là sílẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìdánimọ̀ mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.”

Ẹ kíyè sí i pé “ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí” la kọ. Òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní CTC. Fọ́tò tí ẹnì kan fi fóònù yà, tàbí fọ́tókópì lásán, kò ní dúró níwájú adájọ́ mìíràn. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 104, ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti rí i ní ẹ̀dà rẹ̀, bí onítọ̀hún bá ti san owó tó yẹ. Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dà náà, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, kó kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó sì lu òǹtẹ̀ kóòtù. Ẹ yẹ gbogbo èyí wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ka iye ojú ewé pẹ̀lú, kó má jẹ́ pé ojú ewé tí ìpín wà gan-an ló yọ.

Níbi tí kóòtù bá júwe ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó wá sí ẹ̀yìn ilé kí ìwé lè tètè jáde, ẹ má fún un. Rìsíìtì yẹn ló máa jẹ́rìí fún yín bí ìwé bá pẹ́.

Bó bá jẹ́ ìdájọ́ tuntun ni, tí ẹ̀yin fúnra yín sì wà nínú ẹjọ́ ní Sharia Court of Appeal tàbí High Court, abala 294 òfin 1999 ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàrin ọjọ́ 7 tí wọ́n kà á. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó di ogún ọdún.

Bí ilé iṣẹ́ ìjọba kò bá dá lẹ́tà yín lóhùn rárá, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 tún wà, èyí tó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ní April 2025, Supreme Court ní òfin náà múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà jẹ́ẹ́jẹ́ láti ọwọ́ ajogún ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò.

Bí ẹ ó ṣe ka ìwé náà

Ìwé lè dé ọwọ́ yín, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ rú yín lójú. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan kú, ó fi aya 1, ọmọkùnrin 2 àti ọmọbìnrin 2 sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìsìnkú, gbèsè àti wàsíyà, aya ní ìdá kan nínú mẹ́jọ nítorí pé ọmọ wà. Ìyókù jẹ́ ti àwọn ọmọ, ọmọkùnrin kan sì gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin kan. Adájọ́ lè pín gbogbo rẹ̀ sí 48: aya gba 6, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 14, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 7. Ẹ ro ó pọ̀, 48 ni. Bí dúkìá náà bá jẹ́ 4,800,000 náírà, aya ní 600,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 1,400,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 700,000.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí “7 nínú 48” lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá yín, ìpín rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá yín bá ti kú láìtíì gbà á, ìpín náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti di ogún tirẹ̀, ó sì tọ́ sí ẹ̀yin ajogún rẹ̀.

Ẹ tún wo ìlànà tí wọ́n fi pín in. Àṣà Yorùbá ní ìdí-igi, níbi tí wọ́n ti ń pín ogún ní iye aya tó bímọ, ó sì ní orí-ò-jorí, níbi tí wọ́n ti ń pín in ní iye ọmọ. Ṣàríà yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé pé wọ́n pín ogún sí ọ̀nà mẹ́ta torí pé aya mẹ́ta ló wà, a jẹ́ pé ìdí-igi ni wọ́n lò. Ẹ gbé ìwé náà lọ fún ààfáà tó mọ ìmọ̀ ogún àti lọ́yà kí ẹ tó dá ìjà sílẹ̀. Ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní gbèdéke, lọ́yà ló lè sọ fún yín bóyá ọ̀nà ṣì wà.

Bí wọ́n bá ní ìwé kò sí

Kóòtù máa ń kó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ikán ń jẹ ìwé, òjò ń pa á, iná sì ń jó o. Ní October 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, wọ́n dáná sun High Court Igbóṣeré ní Èkó, fáìlì ẹjọ́ sì jóná níbẹ̀. Ẹbí tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ nílé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí nǹkan dì mú.

Bí akọ̀wé bá ní òun kò rí i, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wá a, òun kò rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Upper Area Court àti Sharia Court of Appeal bóyá ẹjọ́ náà dé ibẹ̀. Ẹ bi lọ́yà tó dúró fún ẹbí nígbà náà. Ẹ bi àwọn ajogún yòókù, pàápàá àwọn tó ń gbé ní ìlú mìíràn, torí pé ẹ̀dà lè wà nínú àpótí ìyá kan tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí. Bí ẹnì kan bá ti fi ìdájọ́ náà gba ìwé ilẹ̀, ẹ̀dà lè wà ní KW-GIS tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀ ní Ìlọrin. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé ìjọba amúnisìn, National Archives ní Kàdúná ló ń tọ́jú àwọn ìwé Ìlọrin Province.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí á kọ ìwé tuntun kí á sọ pé ti àtijọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹ̀wọ̀n sì ni lọ́dọ̀ ìjọba.

Bí ìwé náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ajogún kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ pe ẹbí jọ, kí ẹ kà á sétí gbogbo wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí ọmọ òrukàn bá wà lára wọn tí kò tíì dàgbà, kí ẹni tó ń bójú tó o tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́ fún un, kó sì rántí ìkìlọ̀ tó wà nínú Súrátù Nísáì, áyà 10, fún àwọn tó ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn lọ́nà àbòsí.

Ẹni tó bá ṣì ní bàbá tàbí ìyá láyé, kó bi wọ́n lónìí: nígbà tí bàbá bàbá wa kú, ta ló pín ogún, kóòtù wo ni, ọdún wo sì ni? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tó ti lọ, kí Ó fi ìfẹ́ sáàárín àwọn tó kù, kí Ó má sì jẹ́ kí ogún sọ wá di ọ̀tá ara wa. Àmín.